Martiniano Eliseu do Bonfim: ọmọ Bahia tó la òkun kọjá wá kọ́ Ifá l'Ékòó

 

Àwa tí a fi Ọ̀rẹ̀ ṣe ilé ti mọ irú àwọn àlejò kan báyìí. Aṣọ funfun ni wọ́n sábà máa ń wọ̀, ìdè Ifá ń bẹ lọ́rùn ọwọ́ òsì wọn, gbogbo ohun tí wọ́n bá sì rí ni wọ́n ń fi fóònù yà: ìyá tó ń sun bọ̀ọ̀lì, ọkọ̀ gẹdú tó ń kọjá, àwọn ọmọ tó ń kiri ọsàn. Brazil ni àwọn kan ti wá, àwọn mìíràn wá láti Cuba, láti Trinidad tàbí láti Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ tó gbé wọn láti Èkó kàn dúró kí awakọ̀ lè jẹun ni. Bó bá tún gbéra, àwọn kan á forí lé Ìbíní, àwọn kan á yà sí ọ̀nà Òdìgbò kí wọ́n lè gba Oǹdó dé Ilé-Ifẹ̀. Badagry ni wọ́n ti kọ́kọ́ lọ. Wọ́n ti rí ọjà Vlekete, wọ́n ti wo ṣẹkẹṣẹkẹ̀ tí wọ́n fi ń de ẹrú, wọ́n ti fẹsẹ̀ rin iyanrìn dé ibi tí ẹni tó bá ti kọjá rẹ̀ kì í padà mọ́.

Ohun tí wọn kì í tètè rí ni ẹni tí yóò sọ fún wọn pé ẹrú kì í hù létí òkun. Láti inú ilé ni wọ́n ti kó wọn, ọ̀nà inú igbó ni wọ́n sì gbà. Àwa náà tí a wà lójú ọ̀nà, ìwà méjì ni a máa ń hù sí wọn, kò sì sí èyí tó dùn mọ́ mi nínú méjèèjì. Àwọn kan nínú wa ń pè wọ́n ní òyìnbó, wọ́n á sì sọ owó ohun gbogbo di ìlọ́po mẹ́ta, títí kan owó ẹbọ. Àwọn kejì ń yínmú sí wọn pé wọn kò mọ nǹkan kan, pé Ifá wọn kì í ṣe Ifá, òrìṣà wọn kì í ṣe òrìṣà. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé ọmọ tí wọ́n ta ìyá ńlá rẹ̀ láti ilẹ̀ yìí, ṣé àlejò ni nígbà tó bá dé, àbí ọmọ ilé? Kàkà kí n máa fi ẹnu lásán jà, ìgbésí ayé ọkùnrin kan ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ó ti tó 80 ọdún tó ti kú, síbẹ̀ kò sí ilé òrìṣà ńlá kan ní Bahia tí wọn kò ti mọ orúkọ rẹ̀.

Ìlú Salvador, olú ìlú Bahia ní ilẹ̀ Brazil, ni wọ́n ti bí Martiniano Eliseu do Bonfim lọ́dún 1859. Ẹ̀gbá ni bàbá rẹ̀, Ìjẹ̀ṣà ni ìyá rẹ̀. Àwọn méjèèjì ni wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì ti gba òmìnira kí wọ́n tó bí i, nítorí náà ọmọ ẹrú ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹrú. Eliseu do Bonfim ni orúkọ tí bàbá náà ń jẹ́ níwájú àwọn Potogí. Ọyatógun ni orúkọ tó gbé ti ilé wá. Ìyá rẹ̀ ń jẹ́ Felicidade. Ẹ wo Bonfim yẹn dáadáa: ó jẹ́ orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan lórí òkè ní Salvador, níbi tí àwọn obìnrin aláṣọ funfun ti ń ru omi lọ wẹ àtẹ̀gùn rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdọọdún. Ẹni tó bá wo aṣọ funfun àti omi yẹn, tó sì jẹ́ ọmọ Ọbàtálá, kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún un. Òrìṣàńlá ni wọ́n ń bọ lábẹ́ orúkọ Jésù, láyé tí wọ́n ń nà wọ́n nítorí òrìṣà.

Báwo ni Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀ṣà ṣe di ará Bahia? Àwọn tó mọ ìṣirò òwò ẹrú sọ pé ó tó mílíọ̀nù 12 àti ààbọ̀ ènìyàn tí wọ́n kó wọ ọkọ̀ ojú omi láti ilẹ̀ Áfíríkà. Ó súnmọ́ mílíọ̀nù 5 tó gúnlẹ̀ sí Brazil nìkan, kò sì sí orílẹ̀-èdè kankan ní ayé tí iye tó gbà tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń dàrú, tí ogun Òwu jà, tí wọ́n tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká nínú igbó wọn, ni àwọn ènìyàn wa pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí wọ́n ń kó gba Èkó, Badagry, Àjàṣẹ́ àti Wídà lọ. Ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́ níbí o. Òyìnbó kò wọ inú igbó wa wá ṣọdẹ ènìyàn. Jagunjagun tiwa ló kó wọn, oníṣòwò tiwa ló tà wọ́n, òyìnbó dúró sí etí omi pẹ̀lú ìbọn, ọtí àti tábà. Mo mọ̀ pé àwọn kan kì í fẹ́ kí n sọ ọ́ níwájú àlejò. Àlejò náà mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá àwa náà mọ̀ ọ́n.

Ní Bahia, àwọn ènìyàn wa kò fọwọ́ lẹ́rán. Lọ́dún 1835 ni àwọn ẹrú àti àwọn tó ti di òmìnira, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Mùsùlùmí Yorùbá, dìde ogun ní ìgboro Salvador. Ìjọba bì wọ́n ṣubú. Láti ìgbà náà ni ìjọba ti ń fòró gbogbo aláwọ̀ dúdú tó bá ti ilẹ̀ Áfíríkà wá, bó tiẹ̀ ti ra ara rẹ̀ padà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi kó ẹrù wọn, tí wọ́n wọ ọkọ̀ padà sí Èkó, sí Wídà àti sí Àgúẹ́. Àwọn tó dé sí Èkó ni a ń pè ní Àgùdà. Òwò ń lọ láàrin èbúté méjèèjì: tábà àti ẹran gbígbẹ ń ti Bahia bọ̀, obì, ọṣẹ dúdú, epo pupa àti aṣọ òfì ń ti Èkó lọ. Ẹ máa fi èyí sọ́kàn. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ẹrú ti gbéra ni okùn ti já. Okùn kò já. Àwọn ènìyàn ń lọ, wọ́n ń bọ̀, bí ẹni ń ná ọjà ọrọọrún.

Nígbà tí Martiniano pé ọmọ ọdún 16, ìyẹn lọ́dún 1875, bàbá rẹ̀ mú un wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Èkó, ó sì fi í síbẹ̀ kí ó kẹ́kọ̀ọ́. Mo ti ronú púpọ̀ lórí ìpinnu bàbá yìí. Ní Brazil nígbà náà, wọ́n ṣì ń ra ènìyàn, wọ́n ṣì ń tà á. Ó ku ọdún 13 kí òfin tó fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi tipá gbé kọjá lórí òkun yìí kan náà ló fi owó ara rẹ̀ sanwó ọkọ̀ ọmọ rẹ̀ padà. Kì í ṣe láti wá sunkún létí òkun. Ó fẹ́ kí ọmọ náà mọ ohun tí òun mọ̀, kí ó sì mọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èkó ti wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì láti 1861. Ní Pópó Àgùdà, èdè Potogí àti Yorùbá ni àwọn ará ibẹ̀ ń sọ mọ́ra wọn. Káfíńtà, bíríkìlà àti télọ̀ ni púpọ̀ wọn, àwọn ló kọ́ àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alárà tí ojú fèrèsé rẹ̀ rí rogodo lókè. Fèrèjọ̀n tí àwọn ará Èkó ń jẹ ní ọjọ́ Jímọ̀ Rere, ọwọ́ wọn ló ti wá. Àárín àwọn wọ̀nyí ni Martiniano wà. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni wọ́n fi í sí, ibẹ̀ ló ti mọ Gẹ̀ẹ́sì kọ, tó mọ̀ ọ́n kà. Nílé àwọn àgbà ló ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ kejì.

Ẹ̀kọ́ kejì yìí ni Ifá. Ọdún 11 ló lò ní Èkó, ó sì ti tẹfá kí ó tó kúrò. Ẹ̀yin awo mọ ohun tí ọdún 11 túmọ̀ sí. Ọmọ awo á kọ́kọ́ mọ ojú ọ̀pẹ̀lẹ̀, á mọ ojú odù mẹ́rìndínlógún, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ odù títí yóò fi di igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Á mọ ẹsẹ̀ tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, á mọ ẹbọ tó bá a lọ, á mọ ewé, á mọ ìgbà tí wọ́n ń já a. Oko ni yóò máa bá olúwo rẹ̀ lọ, òun ni yóò máa gbé àpò. Tí ó bá ṣì í, wọ́n á ní kí ó tún un kà. Lónìí, mo ń rí àwọn kan tó ń sọ fún àlejò pé kí wọ́n wá lo ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á tẹ̀ wọ́n, wọ́n á fún wọn ní ìwé ẹ̀rí, wọ́n á sì máa pe ara wọn ní Olúwo bí wọ́n bá délé. Àlejò kọ́ ni mo bá wí. Kò mọ̀. Àwa tí a mọ̀, tí a sì gba owó rẹ̀, àwa ni mo bá wí.

Láàrin ọdún 11 yẹn, ohun ńlá kan ń ṣẹlẹ̀ tó kan àwa ará Òdìgbò àti Ọ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ti ń ti ọ̀nà tó lọ sí òkè ní ìgbà gbogbo, Gómìnà Glover ti Èkó rán ènìyàn lọ́dún 1872 pé kí wọ́n ṣí ọ̀nà mìíràn sílẹ̀ ní ìhà ìlà oòrùn. Inú ọ̀sà ni wọ́n ń gbà, wọ́n á gúnlẹ̀, wọ́n á wá wọ igbó, wọ́n á gba agbègbè wa yìí kọjá sí Oǹdó, kí wọ́n tó dé Iléṣà àti Èkìtì. Nígbà tí ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, ọ̀nà yìí di ẹ̀mí àwọn Ìjẹ̀ṣà. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n dá owó, wọ́n ra àwọn ìbọn ìgbàlódé, wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sí ilé. Inú ẹgbẹ́ náà ni àwọn tó ti oko ẹrú bọ̀ wà, láti Sàró àti láti Brazil. Ẹni tí wọ́n tà ní kékeré, tó lo agbára rẹ̀ nínú oko ìrèké, ló tún ń fi owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ra ìbọn kí wọ́n má baà ta ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Igbó wa yìí ni àwọn aláàárù gbé ìbọn wọ̀nyẹn gbà kọjá. Ará Ìjẹ̀ṣà sì ni àwọn ìbátan ìyá Martiniano.

Nígbà tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ ogun ní Ọ̀rẹ̀, ti 1967 ló máa ń wá sí ọkàn gbogbo ènìyàn, nígbà tí wọ́n dá àwọn ọmọ ogun Biafra dúró níbí, tó fi di ohun tí àwọn ènìyàn ń fi ṣe àpèjúwe ìjà tó le. Kò burú. Ṣùgbọ́n àlejò tó ti Bahia wá, tó ń jẹ iyán nílé oúnjẹ lẹ́bàá ọ̀nà, ó yẹ kí ẹnìkan na ìka sí ìhà Òdìgbò fún un, kí ó sọ fún un pé àwọn tó ti ìlú rẹ̀ padà wá ló sanwó ìbọn tó kọjá níbẹ̀.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 1886 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ogun Kírìjì. Ọdún náà gan-an ni Martiniano padà sí Bahia. Ọmọ ọdún 27 ni. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún 1888, Brazil fòpin sí oko ẹrú, òun ló sì ṣe é kẹ́yìn nínú gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Kì í ṣe olówó. Ó mọ iṣẹ́ ọwọ́, ó ń kun ilé lọ́dà, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n rí jájẹ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń bá wọn ra ọjà tó ti ilẹ̀ wa dé. Ní alẹ́, àwọn ènìyàn ń kan ìlẹ̀kùn rẹ̀ kí ó dá Ifá fún wọn: ìyálọ́jà, olóṣèlú, òyìnbó tó ń fi ara pamọ́. Òjélàdé ni wọ́n ń pè é nínú awo. Ẹ̀yin tí ẹ mọ orúkọ ilé, ẹ ti gbọ́ Òjé nínú rẹ̀, ẹ ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan egúngún. Ẹ ò rí i pé orúkọ ìdílé rin ìrìn àjò ju ìwé lọ.

Láàrin àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ ni dókítà kan, Nina Rodrigues, tí a lè sọ pé òun ló kọ́kọ́ fi ìwé ṣe àkọsílẹ̀ ẹ̀sìn àwọn ènìyàn wa ní Brazil. Ọkùnrin yìí gbàgbọ́ pé aláwọ̀ dúdú kò ní làákàyè tó òyìnbó, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Síbẹ̀, nígbà tí kò mọ ohun tí orin kan ń sọ, nígbà tí kò mọ ìyàtọ̀ Ẹ̀gbá sí Ìjẹ̀ṣà, ọ̀dọ̀ Martiniano ló ń lọ. Bí ẹni tó kéré ní làákàyè bá jẹ́ olùkọ́ rẹ, kí ni ìwọ fúnra rẹ? Mi ò rò pé dókítà náà bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí rí.

Ayé kò rọrùn fún oníṣẹ̀ṣe ní Bahia. Òfin ọdún 1890 ti sọ iṣẹ́ adáhunṣe àti ohun tí wọ́n ń pè ní idán di ẹ̀ṣẹ̀. Ní àwọn ọdún 1920, ọ̀gá ọlọ́pàá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Pedrito, tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ dẹ́rù ba ọmọdé. Òru ló ń ya wọ ilé òrìṣà, á fa ìlù ya, á kó ère lọ, á kó àwọn ìyálórìṣà sí àtìmọ́lé. Bí wọn kò tilẹ̀ fi ọlọ́pàá lé wọn mọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá kí wọ́n tó lè ṣe ọdún òrìṣà, bí ẹni fẹ́ ṣí ilé ọtí. Ọdún 1976 ni wọ́n tó mú òfin yìí kúrò ní Bahia. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí èyí nígbà tí ẹ bá ń sọ pé wọn kò mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Àwa tí ẹnikẹ́ni kò lé, mélòó nínú wa ló ti ju ikin bàbá rẹ̀ sínú igbó nítorí pásítọ̀?

Obìnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Eugênia Anna dos Santos, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Aninha. Ọbabíyi ni orúkọ òrìṣà rẹ̀, oníṢàngó ni. Lọ́dún 1910 ló dá ilé òrìṣà tirẹ̀ sílẹ̀ ní Salvador, ó pè é ní Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu nípa obìnrin yìí ni pé òbí rẹ̀ kì í ṣe Yorùbá rárá. Gurunsi ni wọ́n, láti òkè Gánà. Ṣùgbọ́n ìyá náà gba Ṣàngó tọwọ́tẹsẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ọmọ bíbí Ọ̀yọ́ lọ, ó sì fẹ́ kí ohun tí òun ń ṣe jọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé. Ta ló lè bi nípa ilé? Martiniano ni. Òun àti Martiniano di ọ̀rẹ́ àti alábàáṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n tún ṣe nínú ilé òrìṣà náà ló wá láti inú ohun tí ó rí tó sì gbọ́ l'Ékòó.

Èyí tó lókìkí jù nínú rẹ̀ ni àwọn Ọba Ṣàngó. Ní nǹkan bí 1936 sí 1937, wọ́n yan ọkùnrin méjìlá láti dúró ti Ṣàngó nínú ilé náà, mẹ́fà lápá ọ̀tún, mẹ́fà lápá òsì. Ẹ tẹ́tí sí orúkọ oyè wọn. Lápá ọ̀tún: Abíọ́dún, Ààrẹ, Àrólú, Tẹ̀là, Ọ̀dọ̀fin, Kakaǹfò. Lápá òsì: Ọ̀nà-ìsokùn, Arẹ̀sà, Ẹlẹ́rìn, Oníkòyí, Olúgbọ́n, Ṣọ̀run. Ẹ rò ó wò, kí ènìyàn wà ní ìgboro Salvador lọ́dún 1937, kí ó gbọ́ tí wọ́n ń kí Olúgbọ́n àti Arẹ̀sà!

Ẹni tó mọ Ọ̀yọ́ á tètè rí i pé kì í ṣe báyìí ni ìgbìmọ̀ Aláàfin rí. Ọ̀yọ́ Mèsì méje ni wọ́n, Baṣọ̀run sì ni olórí wọn. Nínú àwọn méje yìí, Baṣọ̀run nìkan ló hàn nínú méjìlá ti Bahia, tí wọ́n gé orúkọ rẹ̀ kù sí Ṣọ̀run. Oníkòyí, Olúgbọ́n àti Arẹ̀sà jẹ́ ọba tó ní ìlú tirẹ̀ lábẹ́ Aláàfin. Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó jẹ́ oyè kan ṣoṣo níbí, méjì ló dà lọ́hùn-ún. Abíọ́dún jẹ́ orúkọ Aláàfin kan fúnra rẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn ọ̀mọ̀wé tìtorí èyí sọ pé Martiniano kàn hun ún jọ ni. Tèmi ni pé ẹ wo ohun tó ṣe. Gbogbo àwọn oyè tó jẹ́ ògo Ọ̀yọ́ Ilé kí ogun tó tú u, ológun, ọba abẹ́lẹ̀, àwọn ará ààfin, ló kó jọ sínú ilé kan, kí ìjọba tó wó lulẹ̀ lè ní ibi tí yóò ti máa jókòó. Ìlú Ìkòyí àtijọ́ ti tú. Oníkòyí ṣì ní àga rẹ̀ ní Bahia. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn ènìyàn ńlá Brazil jẹ oyè wọ̀nyí: Jorge Amado tó ń kọ ìtàn àròsọ jẹ Àrólú, Dorival Caymmi olórin jẹ Oníkòyí, Carybé ayàwòrán jẹ Ọ̀nà-ìsokùn.

Oṣù kìíní 1937 ni wọ́n ṣe ìpàdé ńlá kejì lórí ọ̀rọ̀ aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Brazil ní Salvador. Edison Carneiro, ọ̀dọ́mọkùnrin oníwèé ìròyìn, wà lára àwọn tó gbé e kalẹ̀. Martiniano ni wọ́n fi ṣe ààrẹ ọlọ́lá. Wọ́n ka ọ̀rọ̀ tó kọ lórí àwọn ìjòyè Ṣàngó síwájú àwọn dókítà àti ọ̀jọ̀gbọ́n. Nínú ọdún kan náà, àwọn ilé òrìṣà fìmọ̀ ṣọ̀kan, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti máa gbèjà ara wọn lọ́wọ́ ọlọ́pàá, òun náà ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Ó ti lé ní 77 ọdún.

Ayọ̀ náà kò pẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní 1938, Aninha kú. Láti ìgbà náà ni bàbá ti fà sẹ́yìn kúrò nínú àwọn ilé òrìṣà. Ruth Landes, obìnrin Amẹ́ríkà tó wá ṣe ìwádìí ní Bahia lọ́dún náà, bá a nílé, ó sì kọ nípa rẹ̀ bí àgbàlagbà tó ń ṣọ̀fọ̀, tí inú rẹ̀ kò dùn sí bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń fi ọ̀rọ̀ òrìṣà ṣeré. Mo mọ irú àgbàlagbà bẹ́ẹ̀. A ní wọn ní Òdìgbò náà, wọ́n jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ọmọ wọn wà ní Èkó, kò sí ẹni tó ń bi wọ́n ní nǹkan kan.

Martiniano kú lọ́dún 1943, ẹni ọdún 84. Wọ́n sábà ń pè é ní babaláwo ńlá ìkẹyìn ní Bahia, ìkẹyìn yẹn sì ni ó dùn mí jù. Òrìṣà kò kú níbẹ̀. Owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún kò kú, àwọn ìyálórìṣà ń dá a títí di òní, ó sì ń ṣẹ. Ṣùgbọ́n ikin àti ọ̀pẹ̀lẹ̀ di ohun tó ṣọ̀wọ́n, torí kò sí ẹni tó jókòó ti bàbá fún ọdún 11. Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ Brazil fi ń wá Ifá kiri lónìí, àwọn kan ń lọ sí Cuba, àwọn kan ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, tí ọkọ̀ wọn fi ń dúró ní Ọ̀rẹ̀.

Ọ̀nà náà kò sì dí lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́dún 1952, Aláàfin Ọ̀yọ́ fi oyè Ìyá Nàsó ránṣẹ́ sí Ìyá Senhora, tó wà lórí àga Aninha nígbà náà. Pierre Verger ló bá wọn gbé e lọ. Ọmọ Senhora, tí wọ́n ń pè ní Mestre Didi, wá sí ìhà ibí lọ́dún 1967, ó dé Kétu. Oríkì ìdílé wọn, tí wọ́n ti ń kà láti ẹnu ìyá sí ẹnu ọmọ láti ayé ẹrú, ló kà níwájú ọba. Ọba mọ̀ ọ́n. Ó ní kí wọ́n mú un lọ sí agbo ilé tí oríkì náà ti jáde, àwọn ará ilé náà sì gbà á bí ọmọ wọn. Kò mú ìwé kankan dání. Kò sí ẹni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí àwọn ará Kétu bá ti gbàgbé oríkì yẹn kí ó tó dé, ta ni yóò mọ̀ ọ́n? Mo máa ń bi àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní oríkì ilé wọn. Nínú mẹ́wàá, méjì ló máa ń lè kà á dé ìdajì.

Mo ti sọ pé ẹnu dákẹ́ lọ́dún 1943, ṣùgbọ́n ohùn kò lọ tán. Ní 1940 sí 1941, aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Lorenzo Turner gbé ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sílẹ̀ wá sí Bahia. Òun ni ẹni tó fi hàn pé ọ̀rọ̀ Áfíríkà pọ̀ nínú èdè àwọn Gullah ní etí òkun South Carolina àti Georgia. Ó jókòó níwájú bàbá arúgbó náà, ó ya àwòrán rẹ̀, ó sì gba ohùn rẹ̀ sórí àwo. Bàbá ti lé ní 80 ọdún nígbà náà, ó sì ti tó 54 ọdún tó ti fi Èkó sílẹ̀. Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà ni wọ́n tọ́jú àwọn àwo Turner sí. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ awo Òdìgbò àti Ọ̀rẹ̀ bá rí ọ̀nà dé ibẹ̀, kí ó ní kí wọ́n fi ti Martiniano do Bonfim sí i fún òun, kí ó gbọ́ Yorùbá tí wọ́n ń sọ l'Ékòó nígbà ogun Kírìjì láti ẹnu ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí sí òkè òkun.